Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe oògùn: ohun tó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè lẹ́yìn oúnjẹ

Láti ìgbà tí àjọ International Diabetes Federation ti kéde lọ́dún 2025 pé àgbàlagbà mílíọ̀nù 589 ló ní àtọ̀gbẹ lára káàkiri ayé, ìmọ̀ràn kò tán lórí WhatsApp mọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà pa iyán tì, kó kọjú sí àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, ara á dá. Ìfẹ́ ló ń mú àwọn èèyàn fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà, mo sì ti fojú ara mi rí i.

Ní Ìbàdàn ni, nílé Àǹtí mi. Wọ́n gún ìka wọn kí wọ́n tó jẹun, ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kọ 118 mg/dL. Wọ́n wá jẹ òkìtì àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì pẹ̀lú ewédú àti ẹran kan ṣoṣo. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ̀rọ kọ 251. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà súnmọ́ ojú, wọ́n ní, “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n ni mo jẹ o. Kí ló wá dé?”

Sítáàṣì ló dé. Òun ló pọ̀ jù nínú iṣu, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì àti àgbàdo. Kò dùn lẹ́nu, ìyẹn la fi ń rò pé kò sí ṣúgà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ glúkósì ló sín jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Ẹ fi iṣu sísè sẹ́nu, kí ẹ máa rún un, ẹ má gbé e mì. Tó bá ṣe díẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, torí itọ́ ti ń já okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ìfun ló ń parí iṣẹ́ yẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ti sọ sítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà kó tó dé ẹnu wa. Èyí tí kò pọ́n, inú wa ló ti ń di ṣúgà.

Lóòótọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù ní irú sítáàṣì kan tó le, tí ìfun kò lè tètè tú. Àmọ́ ẹ wo gbogbo ohun tí a ń fojú rẹ̀ rí kó tó di àmàlà. A bó o, a gé e, a sá a, a gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. Ògiri tó yí sítáàṣì ká ti wó nìyẹn. A tún wá da èlùbọ́ náà sínú omi tó ń hó. Omi gbígbóná wọ inú hóró sítáàṣì, hóró wú, ó bẹ́, ó ń fà. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ ìgbà tí orógùn máa ń wúwo lọ́wọ́ lójijì. Àsìkò yẹn gan-an ni sítáàṣì ń ṣílẹ̀kùn, ìfun kì í sì í pẹ́ tú ohun tó ti ṣí sílẹ̀ báyẹn. Tó bá tutù, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń padà le, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni.

Dúdú àmàlà iṣu kò sì fi hàn pé ṣúgà ti kúrò nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń mú un dúdú nígbà tí wọ́n bá bọ iṣu tí wọ́n sì sá a, bí iṣu tí a bó tí a kò tètè gbé kaná ṣe máa ń ṣú.

Ẹ̀wà yàtọ̀ ní tirẹ̀. Kódà tó bá jinná dáadáa, ògiri inú hóró rẹ̀ kì í wó tán, fáíbà àti purotéènì rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí glúkósì ya wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yíya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà yẹn ni wàhálà. Ínsúlínì ló ń jẹ́ kí glúkósì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ jù, ara kì í fetí sí ínsúlínì dáadáa mọ́, glúkósì á wá kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀.

Lọ́dún 1981, David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà gbé ìwọ̀n kan jáde tí wọ́n pè ní glycemic index. Wọ́n bu oúnjẹ tó ní kabohaidíréètì gíráàmù 50 fún àwọn tí ara wọn le, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún wákàtí méjì, wọ́n sì fi wé glúkósì lásán, tí wọ́n fún ní 100. Gíráàmù 50 péré! Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sódì. Bí oúnjẹ ṣe ń yára gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè tó ni ìwọ̀n yìí ń sọ; kò sọ iye tí a máa bù sábọ́. Òkìtì méjì tí Àǹtí mi jẹ lè ju ìlọ́po méjì gíráàmù 50 lọ.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ ohun tí a fi ń ṣáájú. Lọ́dún 2015, àwọn oníṣègùn Weill Cornell ní New York fún èèyàn 11 tó ní àtọ̀gbẹ ní oúnjẹ kan náà lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, búrẹ́dì àti omi ọsàn ló ṣáájú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀fọ́ àti adìyẹ ló ṣáájú. Lẹ́yìn wákàtí kan, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ kejì fi bí ìdá 37 nínú 100 kéré sí ti ọjọ́ kìíní.

Èèyàn 11 kéré, wọn kò sì fún ẹnikẹ́ni ní òkèlè. Ṣùgbọ́n ó mú mi rántí bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ẹran la fi ń kẹ́yìn, ọmọ tó bá kọ́kọ́ mú ẹran, olójúkòkòrò ni. Èmi rò pé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè yí ìyẹn padà láìséwu, kó jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kí òkèlè tó wọlé, kó sì dín òkèlè kù. Kí ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ṣúgà tó bá já wálẹ̀ jù náà léwu.

Àǹtí mi gbìyànjú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja ṣáájú, òkìtì kan tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ kọ 164. Wọ́n kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, lábẹ́ 251, láti mú un lọ han dókítà, wọ́n wá ní, “Ká ní ìyá mi wà láyé, tí wọ́n rí mi tí mò ń fi ẹja ṣáájú!”