Owó Ìbọ̀wọ́ Wà Lọ́wọ́ Aṣòfin

Ìwé pélébé kan wà tí a máa ń fún aláboyún tó bá wá forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Orúkọ ẹrù tí yóò gbé wá lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ ló wà níbẹ̀: ìbọ̀wọ́, òwú, rẹ́sà, páàdì, ọṣẹ, Izal, ohun tí a ó fi di ìwọ́ ọmọ. Nígbà mìíràn a ó fi kẹrosíìnì kún un, nítorí iná. Agbẹ̀bí ni mí. Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo bá ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ìbàdàn títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì gbọ́ èébú lórí ìwé yẹn ju lórí ohunkóhun mìíràn lọ. Ìyá ọkọ á ní àwa nọ́ọ̀sì fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ jẹ gbèsè. Ọkọ á fajú ro, á ká ìwé náà sápò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè lọ́wọ́ mi rí pé ta ló ń ṣojú àwọn ní Àbújá.

Ó yẹ kí wọ́n béèrè. Bí ìbọ̀wọ́ bá wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí tàbí tí kò sí, ọ̀rọ̀ náà kan sẹ́nétọ̀ 109 àti aṣojú-ṣòfin 360 tí a dìbò fún, ó kàn wọ́n ju nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ.

Òfin àgbà ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ ní abala 17 pé kí ìjọba rí i dájú pé ìtọ́jú àti ilé ìwòsàn tó péye wà fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n abala 6 nínú òfin kan náà ní ilé ẹjọ́ kò lágbára láti dá ẹjọ́ lórí irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó rọbí títí tí kò rí dókítà kò lè gbé abala 17 lọ síwájú adájọ́. Àfi kí àwọn aṣòfin jókòó, kí wọ́n ṣe òfin mìíràn tí owó wà nínú rẹ̀, tí ìjìyà sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá rú u.

Láti nǹkan bí ọdún 2004 ni wọ́n ti ń wá irú òfin bẹ́ẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Eyitayo Lambo jẹ́ mínísítà ètò ìlera. Ọ̀nà tí àbádòfin ń gbà kọjá kò yára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kà á. Ní kíkà àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ lásán ni wọ́n ń pè. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n ń jiyàn bóyá ó tiẹ̀ yẹ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó lórí ètò ìlera, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe aráàlú, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn onímọ̀ pé kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kékeré wo ìpàdé yẹn. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọnú òfin.

Ìjà pọ̀ lórí àbádòfin ìlera náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà, tí àwa nọ́ọ̀sì wà lára wọn, ń sọ pé ó fi dókítà jẹ olórí lé gbogbo wa lórí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Kátólíìkì tako ibi tó ti sọ̀rọ̀ ẹyin obìnrin àti ọlẹ̀. Síbẹ̀, ilé méjèèjì fọwọ́ sí i ní 2011, wọ́n gbé e fún Ààrẹ Goodluck Jonathan. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún Ààrẹ láti buwọ́ lu àbádòfin. Kò buwọ́ lù ú. Àwọn aṣòfin ní agbára láti fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò wọn sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ Ààrẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lò ó. Wọ́n tún mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì di 2014 kí Jonathan tó fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nínú òfin yẹn, abala 11 ni kí ẹ mọ̀ sórí. Ó ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, kúrò nínú àpò ìṣúra rẹ̀ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Kọ́bọ̀ kan nínú náírà kan. Bí òfin ṣe pín in nìyí: nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó bá wọ àpò ìtọ́jú yìí, àádọ́ta á lọ sí ètò adójútòfò ìlera kí aráàlú lè rí ìtọ́jú tó ṣe kókó gbà, ogún á ra oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á tún ilé ṣe, á ra irinṣẹ́ àti ọkọ̀, mẹ́wàá jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́, márùn-ún tó kù wà fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mú tiwọn wá kí wọ́n tó rí gbà nínú èyí tó jẹ́ ti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Abala 20 sì ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ lé ẹni tí àìsàn pàjáwìrì gbé dé, nítorí ìdí kankan. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san 100,000 náírà, ó sì lè lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé òfin ti dé, ìyà ti tán, ẹ dákun ẹ gbọ́ èyí. Ètò ìsúná 2015 wá, kọ́bọ̀ yẹn kò sí níbẹ̀. Ti 2016 wá, kò sí. Ti 2017 náà, kò sí. Òfin ti pàṣẹ, ṣùgbọ́n owó kì í kúrò nínú àpò ìjọba àyàfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá kọ ọ́ sínú ètò ìsúná ọdún náà, àwọn ààrẹ tó ń kọ́kọ́ ṣe ètò náà kò sì kọ ọ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwa ń bá ìwé ẹrù wa lọ ní wọ́ọ̀dù. Abẹ́rẹ́ oxytocin, èyí tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbí, inú fíríìjì ló yẹ kó wà. Fíríìjì wà, iná kò sí.

Àwọn aṣòfin fúnra wọn ló kọ owó náà síbẹ̀ nígbẹ̀yìn, nínú ètò ìsúná 2018. Bukola Saraki, tó jẹ́ dókítà, ni ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà. Lanre Tejuoso láti Ògùn, tí òun náà jẹ́ dókítà, ni alága ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó lórí ètò ìlera. Owó náà lé ní 55 bílíọ̀nù náírà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò sì ní fi ọpẹ́ náà pamọ́.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ èkejì. Lọ́jọ́ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu ètò ìsúná yẹn, 20 oṣù kẹfà 2018, ó ṣàròyé pé àwọn aṣòfin kan náà ti gé 7.45 bílíọ̀nù náírà kúrò lára owó tí òun yà sọ́tọ̀ fún ìlera: owó tí wọ́n máa fi gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀ nínú òtútù, owó oògùn àwọn tó ní kòkòrò HIV, ti àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní wọ́n tún ti iṣẹ́ 6,403 tiwọn bọ inú rẹ̀, tí owó rẹ̀ jẹ́ 578 bílíọ̀nù. Mo mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ káàkiri ìgbèríko, ẹ ó rí ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n kun ní ọ̀dà, tí orúkọ aṣòfin wà lára ògiri rẹ̀, tí kò ní agbẹ̀bí, tí kò ní omi. Mo bínú sí wọn gidigidi. Ilé kò gbẹ̀bí ọmọ.

Nígbà tí owó ìtọ́jú ìpìlẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé, kò gba ọwọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ kọjá. Tààrà ló ń wọ àkáǹtì ilé ìwòsàn kan nínú wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 300,000 náírà fún oṣù mẹ́ta lákọ̀ọ́kọ́. Ẹni tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn àti alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ló ń jọ fọwọ́ sí ìwé owó. Kí ẹ tó ná an, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìbọ̀wọ́ la kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà la tún táǹkì omi ṣe, a wá gba ẹni tó ń fọ ilé. Owó náà kò pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìwé ẹrù aláboyún kúrú, mo sì rí i lójú àwọn obìnrin tí ń wọlé pé wọ́n mọ̀.

Òfin kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo awakọ̀ àti ọlọ́kadà mọ̀. Òfin ìdigunjalè ti ayé ológun ní kí ilé ìwòsàn tó bá gba ẹni tó ní ọgbẹ́ ìbọn sọ fún ọlọ́pàá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá wá wọ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ di pé kí aláìsàn mú ìwé ọlọ́pàá wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ènìyàn sì ń kú ní ẹnu ọ̀nà. Ní ìparí 2017, àwọn aṣòfin tún ọ̀rọ̀ náà ṣe: ilé ìwòsàn yòówù, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó ìdánilójú wà o, kò sí o. Ilé ìwòsàn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá lé ẹnikẹ́ni lára yín, ẹ sọ fún wọn pé òfin ti wà.

Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún ọmọdé tí kò tó ọdún márùn-ún, aláboyún, arúgbó àti àwọn tí kò ní. Sẹ́nétọ̀ Ibrahim Oloriegbe láti Kwárà, dókítà ni òun náà, ló gbé e wá.

Kì í ṣe gbogbo àbádòfin ló ń wo àìsàn níbi tó wà. Ní oṣù kẹrin 2023, èyí tí Ganiyu Johnson, aṣojú-ṣòfin láti Oṣòdì-Ìsọlọ̀, gbé wá kọjá kíkà kejì: pé kí dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún márùn-ún kó tó gba ìwé àṣẹ kíkún. Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì, wà ní Manchester báyìí, ipò tó fi sílẹ̀ ṣì ṣófo. Ṣùgbọ́n owó oṣù àti irinṣẹ́ ló lé e, òfin tó bá sì fẹ́ dá irú rẹ̀ dúró, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kọ̀, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún ní oṣù karùn-ún, àbádòfin náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń bínú sí. Kò di òfin.

Lọ́dọọdún, Ààrẹ gbọ́dọ̀ gbé ètò ìsúná lọ síwájú àwọn aṣòfin. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ owó tí òfin ti yà sọ́tọ̀ sí. Owó ìtọ́jú ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀, lábẹ́ ìsọ̀rí kan náà tí owó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fúnra rẹ̀ wà. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì aṣojú yín ní ẹkùn ìdìbò. Ẹ bi í léèrè iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, iye tí wọ́n ti san nínú rẹ̀, àti ilé ìwòsàn tó gbà á nínú wọ́ọ̀dù yín. Mo ti bi tèmi. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́, mo sì ní kí akọ̀wé rẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi.