Ọ̀rọ̀ Akólòlò: Kí Ló Dé Tí Sinimá Fi Sọ Ọ́ Di Ẹ̀rín?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹkún ni lójú ẹni tó ni ín. Èmi pàápàá ti fi í rẹ́rìn-ín rí. Nítorí náà, n ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi kí n tó na ìka àbùkù sí ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún 11. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ pé, ìṣirò kò ṣòro fún un, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì gún ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n akólòlò ni. Láràárọ̀, bí mo bá ṣí ìwé orúkọ, tí mo pe tirẹ̀, ọrùn rẹ̀ á le, ojú rẹ̀ á máa ṣẹ́, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n "Mo wà ńbí, sà" kò ní jáde.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ṣe eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà nínú eré náà tí ó jẹ́ akólòlò. Iná ràn mọ́ ilé ìdáná, ó sáré lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n "i-i-i" ni ó ń wí, títí ọ̀gá fi ní kí ó kọ ọ́ lórin. Ni ọmọ ọ̀dọ̀ bá fi ijó sí i, ó ń kọrin pé ilé ń jó. Kí orin tó parí, ilé ìdáná ti di eérú. Ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ ni. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe orúkọ ọmọ yìí. Bí ó ti ń bá ahọ́n rẹ̀ jà, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ ní kó kọ ọ́ lórin, sà!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nítorí pé àkókò ń lọ, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò wá, mo sì pe orúkọ tó kàn. Ọmọ tó dúró níwájú mi gbangba ni mo kọ pé kò wá!

Lọ́jọ́ kejì, kò wá lóòótọ́. Lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lọ́jọ́ kẹrin ni ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi bi ọmọ yín léèrè. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí tíṣà ti sọ pé òun kò sí níbẹ̀, kí ni òun tún ń wá lọ?" Ẹ̀yin ará, n kò rí èsì fọ̀.

TA LÓ KỌ́ ÀWỌN ỌMỌ?

Àwọn àgbà ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Inú ilé ni ọmọ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n sinimá àti tẹlifíṣọ̀n ti di olùkọ́ nínú ilé wa báyìí, ohun tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n ka ìka náà sókè kí gbogbo ayé gbọ́. Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń ṣe é. Ó ti tó nǹkan bí 90 ọdún tí àwọn òyìnbó ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ní 1935, ilé iṣẹ́ Warner Bros. ní Amẹ́ríkà gbé ẹlẹ́dẹ̀ inú àwòrán kan jáde tí wọ́n ń pè ní Porky Pig. Akólòlò ni ẹlẹ́dẹ̀ náà, òun sì ni wọ́n fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Joe Dougherty ni ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ fún un, akólòlò sì ni Dougherty fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò lè pàṣẹ fún ahọ́n rẹ̀, gbígba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ń pẹ́, owó sì ń bá a lọ. Ní 1937, wọ́n fi Mel Blanc rọ́pò rẹ̀, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ já geere. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n yọ ẹni tí ó ń kólòlò ní tòótọ́, wọ́n sì ń sanwó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n sín jẹ.

Láti ìgbà náà, bí ẹ bá rí akólòlò nínú sinimá, ẹ ó rí i pé nínú ipa mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi í sí: òpè tí a fi ń ṣẹ̀rín, aláìlágbára tí ayé ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí ẹlẹ́tàn.

Ẹ̀kíní ni ti òpè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BBC ṣe eré kan láti 1976 sí 1985 tí ń jẹ́ Open All Hours. Ronnie Barker ni ó ṣe Arkwright nínú rẹ̀, ahun onísọ́ọ̀bù kan tí kíkólòlò rẹ̀ jẹ́ ẹ̀fẹ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní 1988, fíìmù A Fish Called Wanda jáde. Michael Palin ṣe Ken, akólòlò tó fẹ́ràn ẹja sísìn. Ọkùnrin aláìláàánú kan ń sín in jẹ, ó dè é mọ́ àga, ó ki ọ̀dùnkún díndín sí i nímú, ó sì ń jẹ àwọn ẹja rẹ̀ lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbẹ̀yìn, Ken fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì gun ọkùnrin náà lórí, lẹ́sẹ̀kan náà ni ahọ́n rẹ̀ tú, tí ó ń yọ̀. Bí ẹni pé ìbínú ni ó so ahọ́n, tí ẹ̀san sì tú u! Irọ́ ni.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe ojúsàájú. Bàbá Palin jẹ́ akólòlò. Ohun tí ó ń ṣe kò ṣàjèjì sí i. Ní 1993, wọ́n dá ibì kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí wọ́n ti ń ran àwọn ọmọ tó ń kólòlò lọ́wọ́, orúkọ Palin ni wọ́n sì fi pè é. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín yà á sọ́tọ̀ nígbẹ̀yìn láti ṣe é lóore.

Ẹ̀kejì ni ti aláìlágbára. Ní 1975, fíìmù One Flew Over the Cuckoo's Nest jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar márùn-ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ Billy Bibbit, Brad Dourif ni ó ṣe é. Ilé ìwòsàn àwọn tí orí wọn kò pé ni ó wà, ẹ̀rù ìyá rẹ̀ sì ń bà á bí ọmọ kékeré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí inú rẹ̀ dùn, kò kólòlò mọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ dẹ́rù bà á, ó tún padà dé, ọmọ náà sì pa ara rẹ̀. Ó ṣe eré náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ẹni tó ń wò ó máa mú lọ sílé ni pé ojo ni akólòlò, pé bí ó bá lè jẹ́ ọkùnrin, ahọ́n rẹ̀ á tú.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Nínú fíìmù Harry Potter àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 2001, olùkọ́ kan wà tí ń jẹ́ Quirrell tó ń kólòlò bí ẹni tí òtútù mú. Nígbẹ̀yìn ni a rí i pé ó ń díbọ́n ni, pé ìkà ni. Irú rẹ̀ náà ni Edward Norton ṣe nínú Primal Fear ní 1996. Ọmọ tó wo irú èyí, bí ó bá pàdé akólòlò ní kíláàsì, kí ni yóò rò? Á rò pé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ń ṣe é ni.

ỌBA TÓ Ń KÓLÒLÒ

Síbẹ̀, sinimá kan wà tí ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Àwọn bàbá wa mọ Ọba Jọ́ọ̀jì Kẹfà, tó jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1936 títí ó fi wàjà ní 1952. Ilẹ̀ wa wà lábẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ sì wà lára owó ṣílè tí wọ́n ná. Akólòlò ni ọba náà. Ní 1925, nígbà tí kò tíì jọba, wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ èrò ní Wembley, ọ̀rọ̀ náà sì há a lẹ́nu. Ní 1926, ó lọ bá ará Ọsirélíà kan tí ń jẹ́ Lionel Logue. Logue kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ bí a ti ń mí, ó sì fi sùúrù gbọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1939, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, ọba sọ̀rọ̀ lórí rédíò sí gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀.

Fíìmù The King's Speech, tó jáde ní 2010, ni ó sọ ìtàn yìí. Colin Firth ni ó ṣe ọba. Ní 2011, ó gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́rin, títí kan ti fíìmù tó dára jù. Ó ní àṣìṣe tirẹ̀: ó ṣe é bí ẹni pé ìgbà tí ìdààmú oyè ń bọ̀ ni Logue ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nígbà tó jẹ́ pé ní 1927 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Canberra ti lọ geere. Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí àwọn yòókù kò ṣe. Kò ní kí ahọ́n ọba tú bí idán. Títí fíìmù fi parí, ọba ṣì ń kólòlò díẹ̀díẹ̀, ọba sì ni síbẹ̀.

Ẹ mọ ẹni tó kọ ọ́? David Seidler ni, akólòlò ni òun náà láti kékeré. Ó pẹ́ tí ó ti fẹ́ kọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n opó ọba bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe é nígbà tí òun wà láàyè, nítorí ó ń dun òun. Seidler dúró. Ìyá náà kú ní 2002. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ ibi tó ti ń ta á. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ di kálàmù mú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Àwọn onímọ̀ sọ fún wa pé láàrin ọdún méjì sí márùn-ún ni ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Nínú ọmọ 100, bí márùn-ún ni ó ń ṣe, ọ̀pọ̀ á sì bọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó dàgbà. Nínú àgbàlagbà 100, ó ku bí ẹnì kan, ọkùnrin sì pọ̀ ju obìnrin lọ níbẹ̀. A máa rìn nínú ìdílé; ní 2010, wọ́n rí lára ohun tó ń fà á nínú ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí. Kì í ṣe òpè, kì í ṣe ojo, kì í ṣe ìwà. Ìbẹ̀rù lè mú un le sí i, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kọ́ ni ó bí i.

Òótọ́ kan ṣoṣo ni ó wà nínú ẹ̀fẹ̀ ilé tó ń jó yẹn: ọ̀pọ̀ akólòlò kì í kólòlò bí wọ́n bá ń kọrin, tàbí bí wọ́n bá ń kàwé pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí olùkọ́ lè fi ran ọmọ lọ́wọ́ ni sinimá sọ di yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin onígbàgbọ́ àti ẹ̀yin mùsùlùmí, ẹ rántí Mósè, tí a tún ń pè ní Ànábì Músá. Ìwé mímọ́ méjèèjì ni ó sọ pé ahọ́n rẹ̀ wúwo, síbẹ̀ òun ni Ọlọ́run rán sí Fáráò. Ẹ sì rántí James Earl Jones, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ààrá nínú Star Wars àti The Lion King. Nígbà èwe rẹ̀, kíkólòlò mú kí ó pa ẹnu mọ́ fún ọdún pípẹ́. Olùkọ́ rẹ̀, Donald Crouch, ni ó rí i pé ó ń kọ ewì, tí ó sì ní kí ó kà á sókè fún kíláàsì. Ó kà á. Ní 2024 ni ó kú, ẹni ọdún 93.

Nígbà tí mo ka ti Crouch, mo rántí ìwé orúkọ mi.

Ẹ̀yin òṣèré wa, mi ò ní kí ẹ má pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ fi akólòlò ṣe dókítà, ẹ fi í ṣe ọkọ ìyàwó, ẹ fi í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí ó ní iṣẹ́ mìíràn nínú eré yàtọ̀ sí pé kí ahọ́n rẹ̀ há. Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbá ọmọ lẹ́nu, ẹ má sì máa bá a parí ọ̀rọ̀. Ẹ wò ó lójú, kí ẹ dúró dè é. Bí eré bá ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín, ẹ bá àwọn ọmọ sọ ọ́ níbẹ̀ gan-an, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Àwa Yorùbá a máa ní bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba. Sùúrù akólòlò ni a máa ń fi òwe náà yìn. Mo ti wá rí i pé ti baba náà wà níbẹ̀: bí baba kò bá dúró, ta ni akólòlò fẹ́ pè?

Mo lọ sí ilé ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́ lójú ìyá rẹ̀. Mo bá kíláàsì sọ̀rọ̀, mo sì jẹ́wọ́ níwájú wọn pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ni gbogbo wọn ń nà sókè bí mo bá pe orúkọ, a sì ń kàwé ní méjì-méjì. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, mo pe orúkọ rẹ̀, kò na ọwọ́. Ó dìde. Ẹnu rẹ̀ há lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbé kálàmù dúró, mo ń wò ó lójú, títí ó fi sọ ọ́ tán pé òun wà níbẹ̀. Nígbà náà ni mo tó kọ ọ́ sínú ìwé.