Ta Ló Wẹ Ọgbẹ́ Wọn?

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ ìtàn ogun fún mi, ọ̀rọ̀ kan ni mo máa ń bi í: ta ló wẹ ọgbẹ́ wọn?

Ní Kúbà, Rosa Castellanos wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Bayamo. Nígbà tí olóko kan, Carlos Manuel de Céspedes, dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1868, tó sì kéde pé àwọn ò sin Sípéènì mọ́, Rosa bá àwọn ọmọ ogun òmìnira, àwọn mambí, wọgbó. Aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú wọn, àwọn Lukumí sì wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó sọdá òkun.

Àdá tí wọ́n fi ń gé ìrèké náà ni wọ́n gbé dojú kọ ìbọn. Ẹni tó ní ìbọn pàápàá, ọta rẹ̀ lè má ju méjì mẹ́ta lọ. Aṣọ ya mọ́ wọn lára, ọ̀pọ̀ ò ní bàtà. Ọ̀dùnkún, máńgòrò, oyin ìgàn àti ẹranko kan tó fara jọ òkété ni wọ́n ń jẹ. Iyọ̀ wọ́n gan-an. Omi òkun ni wọ́n ń sè títí iyọ̀ yóò fi kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ní 1877, ọta ba Antonio Maceo, ọ̀kan lára àwọn olórí ogun mambí, níbi púpọ̀, títí kan àyà. Ẹni tí ọta bà láyà, a kì í mì í jìgìjìgì. Àmọ́ àwọn ọmọ ogun Sípéènì ń lépa wọn, orí àkéte ni wọ́n sì gbé e sí, tí wọ́n ń gbé e sá láti igbó bọ́ sí igbó, ọjọ́ lórí ọjọ́. José àbúrò rẹ̀ àtàwọn ènìyàn díẹ̀ ń yìnbọn dá àwọn ọ̀tá dúró, María Cabrales ìyàwó rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀. Ó yè é. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí di òní.

Ibà pọ́njú ló pa àwọn ará Sípéènì ju àdá lọ. Dókítà Carlos Finlay, ọmọ Kúbà, ti sọ ní 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Nǹkan bí ogún ọdún kọjá kí ayé tó gbà á gbọ́. Ó dùn mí, nítorí àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n fipá kó wá láti Sípéènì náà ní ìyá.

Nígbà tí ogun tún bẹ́ ní 1895, Rosa ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó kọ́ ilé ìwòsàn sí San Diego del Chorrillo ní agbègbè Camagüey. Oògùn òyìnbó kò tó nǹkan. Ewé, èèpo àti egbò igi ló mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń já wọn. Ní 1896, Ọ̀gágun Máximo Gómez fi í joyè kápútẹ́nì nítorí iṣẹ́ yìí.

Kò sí nọ́ọ̀sì kankan nínú wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́ tó gbọ́ orúkọ Rosa rí. Èmi ni mo ń sọ ọ́ fún wọn, nígbà tí a bá ń ká bándéèjì lálẹ́.