Oníjó tó bá dé Èkó, ibi ìgbáradì ni kó kọ́kọ́ wá

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó dé Èkó tí kò gbọ́n, bó dé Lọ́ńdọ̀nù, kò lè gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ oníjó tó ń ti Ìlọrin, Òṣogbo àti Ìbàdàn wọ Èkó gidigidi. Nílé, kò sí ìnáwó tí wọn kì í pè wọ́n sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ l'Ọ́jọ́ta, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n mọ́. Owó ọwọ́ wọn ń tán lọ, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n dé sílé rẹ̀ ti ń bèèrè ìgbà tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti ń yan oníjó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń sáré lé ni ọ́díṣọ̀n, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń mú àwọn tí yóò jó. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ijó l'Ékòó ni kì í dé etí ìgboro. Bí olórin kan bá fẹ́ ya fídíò lọ́tùn-únla, ọ̀gá oníjó tó gba iṣẹ́ náà kò ní lẹ ìwé mọ́ ògiri. Àwọn tí wọ́n jọ ń làágùn lójoojúmọ́ ni yóò pè.

Ìtàn Kafayat Shafau, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kaffy, fi èyí hàn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú ló wù ú láti kọ́, àmọ́ àìsí owó ilé-ìwé kò jẹ́. Ìgbà tí wọ́n mú un dé Pápá Ìṣeré ní Sùúrùlérè ni ijó gbé e. Nígbà tó fi di ọdún 2006, òun àti àwọn oníjó yòókù jó títí orúkọ fi wọ ìwé Guinness.

Ibi tí àlejò lè yà sí

Ní Bàrígà ni ẹgbẹ́ Crown Troupe of Africa, tí Ṣẹ́gun Adéfilà dá sílẹ̀ lọ́dún 1996, ti gbilẹ̀. Qudus Onikeku, tó kẹ́kọ̀ọ́ eré sákọ́ọ̀sì nílẹ̀ Faransé, dá QDance sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2014. Eré rẹ̀ tó pè ní Re:INCARNATION, tó jáde lọ́dún 2021, gbé àwọn ọ̀dọ́ oníjó ọmọ Nàìjíríà dé orí ìtàgé lókè òkun. Ẹni tó bá sì ń wá eré olórin bíi Fela and the Kalakuta Queens, tó jáde lọ́dún 2017, ilé Terra Kulture ní Victoria Island ni kó fojú sí.

Kí àlejò má ṣe wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ní Àjàǹgbádì, Daniel Ajala fúnra rẹ̀ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìwé kọ́ ijó ballet, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ Leap of Dance sílẹ̀ lọ́dún 2017 láti máa kọ́ àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́. Fídíò ọmọ rẹ̀ kan, Anthony Madu, tó ń jó lẹ́sẹ̀ òfìfo nínú òjò, ni gbogbo ayé wò lọ́dún 2020.

Ẹ má fowó ra ìdánwò

Àwọn gbájú-ẹ̀ náà mọ̀ pé àlejò ń wá iṣẹ́. Ẹni tó bá ní kí oníjó sanwó fọ́ọ̀mù kó tó jó, tàbí tó ní kí ọmọbìnrin nìkan wá ṣe ìdánwò ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, kì í ṣe oníjó ló ń wá. Kí wọ́n mú ẹnì kejì dání, kí wọ́n sì bèèrè kó tó di pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ mélòó ni ìgbáradì, ta ni yóò sanwó ọkọ̀, ìgbà wo sì ni owó iṣẹ́ yóò dé?

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé kí oníjó má ju ijó ilé rẹ̀ nù. Ọ̀pọ̀ ló ń fi bàtá sílẹ̀ nítorí àtijó shaku shaku, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló mọ shaku shaku l'Ékòó. Ẹgbẹ́ eléré ìjọba àpapọ̀, tí olóògbé Hubert Ògúndé kọ́kọ́ darí, ijó ìbílẹ̀ oríṣiríṣi ẹ̀yà ni wọ́n fi ń dárà. Bí ọ̀gá bá bèèrè ẹni tó lè jó bàtá bó ṣe yẹ kó rí, ọmọ tó ti Òṣogbo wá yìí náà ló yẹ kó kọ́kọ́ bọ́ síwájú.