Gírísì fún táyà rìmọ́ọ̀kì: ẹ má dúró kí ó kígbe

Lónìí, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ìlera pàdé lórí nǹkan kan ṣoṣo: táyà rìmọ́ọ̀kì tí ẹ fi ń kó ẹyìn, gbágùúdá, gàrí àti àgbàdo lọ sí Igolo, Sakété tàbí Àjàṣẹ́. Bóyá alùpùpù ló ń fa tiyín, bóyá ọkọ̀ ni, bóyá pùsì-pùsì tí ẹ ń fi ọwọ́ tì ni, bí wọ́n bá ti fi ọ̀pá ìdí ọkọ̀ àlòkù ṣe é, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Kí ló wà nínú ìdodo táyà?

Láàárín táyà, níbi tí wọ́n ń de ríìmù mọ́, ẹ jẹ́ ká pe ibẹ̀ ní ìdodo táyà. Rúlúmà méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní bíárìn. Àwọn irin kéékèèké róbótó, tó rí bí ìka ọwọ́ ọmọdé, ni wọ́n tò yíká nínú òrùka irin. Bí wọ́n ṣe ń yí ni táyà náà ń yí, láìjẹ́ pé irin ń ha irin. Gbogbo ẹrù tí ẹ bá kó, orí wọn ló ń bọ́ sí.

Irú rúlúmà yìí, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ fẹ̀ ju èkejì lọ, torí kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n ṣe ronú rẹ̀. Henry Timken, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Amẹ́ríkà, àti Reginald Heinzelman ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1898. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí táyà yóò ṣe gbé ẹrù wúwo tí kò sì ní bàjẹ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń yà ní kọ́nà.

Gírísì ló ń dáàbò bo àwọn irin yẹn. Òun ni kì í jẹ́ kí irin fọwọ́ kan irin, òun náà ló ń lé omi àti iyanrìn sẹ́yìn. Bí gírísì bá tán, irin á gbóná, á jẹ ara rẹ̀, á há, táyà á sì lè já bọ́. Táyà tó já bọ́ lójú ọ̀nà Igolo kò ní béèrè ọmọ ta ló ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí kò bá tilẹ̀ pa ẹnikẹ́ni lára, ẹrù yín á sùn sójú ọ̀nà. Ẹyìn tó ti fara gbọgbẹ́, tó tún sùn nínú oòrùn, epo rẹ̀ á kan, oníbàárà á sì gé owó yín.

Ṣé a lè fi epo pupa dípò gírísì?

Ẹnìkan lè sọ pé: epo pọ̀ nílé wa, kí ló dé tí a ń náwó sí gírísì? Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Láyé àwọn bàbá ńlá wa, epo pupa tó ń ti Àjàṣẹ́ àti àwọn etíkun wa lọ sí Yúróòpù, wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ, wọ́n ń fi ṣe àbẹ́là, wọ́n sì ń fi sí ìdí táyà ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n wọn kì í dà á sí i lásán. Wọ́n á pò ó mọ́ ọ̀rá ẹran àti sódà, kí ó lè dì bí ọṣẹ. Gírísì òde òní náà kò yàtọ̀: epo ni, ọṣẹ ló dì í mú kó má ṣàn.

Epo pupa lásán kò ní ohun tó ń dì í mú. Bí ìdodo bá gbóná, á yọ́, á sì ṣàn jáde. Èyí tó bá kù á lẹ̀ mọ́ eruku, á di àtẹ̀ tó ń jẹ irin. Epo ẹ́ńjìnnì tó ti darúgbó náà kì í dúró. Ẹ jẹ́ kí epo pupa wà fún ọbẹ̀.

Ẹ ra gírísì tí wọ́n kọ «lithium» àti nọ́ńbà 2 sí lára agolo rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, kí ọmọ ilé ìwé bá a wò ó. Ẹ má sì po oríṣi gírísì méjì pọ̀, torí ọṣẹ ọ̀kan lè ba ti èkejì jẹ́, kí gbogbo rẹ̀ wá di omi.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é

Àkọ́kọ́, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ pátápátá. Ẹ gbé rìmọ́ọ̀kì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ fi òkúta ká táyà kejì mọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ sì ti igi tó nípọn bọ abẹ́ ọ̀pá. Jáàkì nìkan kò tó, ó lè yọ̀.

Èkejì, ẹ mi táyà lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì yí i. Bí ó bá ń mì gan-an, tàbí bí ó bá ń dún kùrù-kùrù bí ọlọ tí kò lómi, rúlúmà ń sọ̀rọ̀ fún yín nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ yọ táyà àti ìdérí kékeré tó wà lójú ìdodo. Ẹ ó rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó de nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀. Gúpíì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ẹ yọ ọ́, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ mú rúlúmà òde, kí ẹ wá fa ìdodo jáde. Ẹ tò wọ́n sórí aṣọ mímọ́. Ti ọ̀tún kò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ ti òsì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi epo àtùpà tàbí gàásóòlì fọ̀ wọ́n, kí ẹ nù wọ́n, kí wọ́n gbẹ dáadáa. Ẹ má gbé rúlúmà síwájú ẹ̀rọ atẹ́gùn alátàyà kí ó lè máa yí fìrìfìrì. Irin inú rẹ̀ lè fò jáde bí ọta. Ẹ wò ó nínú oòrùn. Bí irin bá ti di búlúù tàbí dúdú, bí ó bá ní ihò wínníwínní tàbí ìpẹtà, òun àti òrùka rẹ̀ ni ẹ ó jọ pààrọ̀. Rúlúmà tuntun nínú òrùka àtijọ́ kì í pẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fọ ọwọ́, ẹ bu gírísì sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ mú ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀ lára rúlúmà, ẹ máa fi gún gírísì náà títí yóò fi yọ láàárín àwọn irin lódìkejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yíká. Kí ẹ kàn fi kun ara lóde kò wúlò rárá. Ẹ fi díẹ̀ sínú ìdodo náà, ṣùgbọ́n ẹ má kún un dẹ́nu.

Ẹ̀kẹfà, ẹ fi rọ́bà tuntun sí ẹ̀yìn rúlúmà inú, torí rọ́bà yẹn ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ omi. Nígbà tí ẹ bá tò ó padà, ẹ máa yí ìdodo bí ẹ ṣe ń fún nọ́ọ̀tì títí yóò fi le. Ẹ wá dẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ìka lásán fún un padà. Èyí tó le jù á jóná, èyí tó dẹ̀ jù á máa mì. Gúpíì tuntun ni kí ẹ fi dè é. Ìṣó kì í ṣe gúpíì o!

Ìgbà wo ni kí a ṣe é?

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó kéré jù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwa, eruku ni, ẹrẹ̀ ni. Ẹ ṣe é ní oṣù kẹta kí òjò tó dé, kí ẹ tún ṣe é ní oṣù kọkànlá lẹ́yìn òjò kejì. Bí táyà bá sì ti wọ inú omi, ẹ tú u wò. Ìdodo tó gbóná, tó ṣàdédé bọ́ sínú omi tútù, atẹ́gùn inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé.

Lọ́jọ́ ọjà, bí ẹ bá dúró sinmi, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdodo díẹ̀díẹ̀. Kí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kò burú. Bí ó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró, ẹ má ṣe lọ mọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ọ̀rọ̀ ìlera

Ẹ má ṣe fi kpayo fọ rúlúmà, ẹ má sì fi fọ ọwọ́. Oorun rẹ̀ nìkan tó láti gbé iná láti ibi àdògán tàbí sìgá, ó sì ń wọ awọ ara. Ọṣẹ àti iyanrìn tó kúnná tó fún ọwọ́. Ẹ má fi gírísì sí ojú egbò. Ẹ má da epo ìfọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, ẹ sì gbé agolo rẹ̀ jìnnà sí ọmọdé.

Fún ìjókòó ẹgbẹ́ yín: rìmọ́ọ̀kì mélòó ló wà lábúlé yín, ìgbà wo ni wọ́n sì ti tú ìdodo wọn wò kẹ́yìn? Ta ló ní jáàkì tí gbogbo ẹgbẹ́ lè lò? Ṣé ẹ lè dáwó ra agolo gírísì kan pọ̀? Ẹ mú ọjọ́ kan kí oṣù kẹta tó dé.