NCL tàbí Matplotlib fún Òjò Odò Ògùn?

Bí òjò bá ti pọ̀ jù, ojú àwọn ará Agiliti ní Mile 12, l'Ékòó, a máa wà lára Odò Ògùn, etí wọn a sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù Ọ̀yán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983. Ní oṣù Kẹwàá 2010, nígbà tí wọ́n tú omi ibẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀, lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ẹni tó bá fẹ́ kí aráàlú rí bí òjò ṣe rọ̀ sí lókè odò náà gbọ́dọ̀ yà á sórí máàpù. NCL, ètò kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ NCAR ní Boulder, Amẹ́ríkà, ṣe, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń yà á tẹ́lẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, NCL kì í yọ ènìyàn lẹ́nu. Ó ń ka netCDF, irú fáìlì tí wọ́n ń kó dátà ojú ọjọ́ sí, ó mọ máàpù, ó ń ya àwòrán, gbogbo rẹ̀ lójú kan. Ní ti Matplotlib, ètò ìyàwòrán inú èdè kọ̀ǹpútà Python, John Hunter kọ ọ́ kó lè máa wo bí iná ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ àwọn alárùn wárápá. Òjò kọ́ ló bá wá. Cartopy ni yóò bá a gbé máàpù, xarray ni yóò bá a ka fáìlì, kí gbogbo wọn sì tó gbọ́ra wọn yé, dátà orí fóònù ti lè tán.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ni NCL ti dìde nídìí rẹ̀. Ní 2019, NCAR kéde pé Python làwọn ń bá lọ. Lábẹ́ iṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ GeoCAT, wọ́n ti fi Python tún ọ̀pọ̀ àwòrán NCL yà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló jẹ mí lógún jù. Àwọ̀ bí òṣùmàrè ni NCL máa ń fúnni bí a ò bá yan òmíràn. Matplotlib náà ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 2017, kó tó gba ọ̀wọ́ àwọ̀ tó ń jẹ́ viridis. Ẹ gbé máàpù òṣùmàrè lọ sídìí ẹ̀rọ fótókọ́pì ní Ketu: búlúù tó jẹ́ òjò díẹ̀ àti pupa tó jẹ́ òjò ńlá yóò di dúdú kan náà. Viridis ń mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹ̀rọ ò lè bà á jẹ́. (Ẹ lo viridis_r, ìyẹn viridis tí a dorí rẹ̀ kodò, o, nítorí níbí, ibi tó bá ṣú là ń retí òjò ńlá.) NCL lè ṣe irú rẹ̀, bí ènìyàn bá rántí láti yàn án.

Iṣẹ́ tí NCL ti parí, n kò ní tún un kọ. Máàpù tó ń bọ̀ lọ́wọ́ aráàlú ni mo máa fi Matplotlib yà. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi méjèèjì wéra sì fọwọ́ ara rẹ̀ yan ìwọ̀n òjò tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún, nítorí bí ó bá fi í sílẹ̀ fún wọn, ètò kọ̀ọ̀kan á pín in bó ṣe wù ú, òjò kan náà á sì dà bí òjò méjì.