Tọkọtaya Hope ní Atlanta

Kí àwọn ará àdúgbò kan ní Atlanta tó mọ̀ pé àìsàn ti dá obìnrin kan wólẹ̀ nítòsí wọn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Lugenia Burns Hope wọra. Ní 1908, òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Neighborhood Union sílẹ̀. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń yà: ta ni ara rẹ̀ kò yá? Ọmọ ta ni kò rílé ìwé lọ? Wọ́n tún ṣí ilé ìwòsàn kékeré.

John ọkọ rẹ̀ ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì tí à ń pè ní Morehouse lónìí, ní 1906. Ìyàwó ọ̀gá ì bá jókòó sílé máa gbàlejò, Lugenia kọ̀.

John kú ní 1936, Lugenia ní 1947. Láti orí gogoro ilé kan ní Morehouse ni wọ́n ti fọ́n eérú òkú Lugenia sáfẹ́fẹ́.